Okùn orí fún àgbò, àti bí àgbò ṣe ń kọ́ láti bá ènìyàn rìn

Bó bá ti ku díẹ̀ kí Iléyá pé, kò sí àdúgbò n'Ìbàdàn tí ènìyàn ò ti ní rí ọkùnrin méjì tó ń bá àgbò kan jà ní títì. Ọ̀kan á gbá ìwo mú, èkejì á máa tì í nídìí, àgbò á ta ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, okùn ọrùn á fún un títí ahọ́n á fi yọ. Àwọn tó dúró wò á ní olórí kunkun ni. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, nítorí ẹran náà kò ṣorí kunkun rárá. Èémí ló ń wá.

Iṣẹ́ tí mo kọ sílẹ̀ níbí ni ti àgbò kan àti abo àgùntàn kan tí mo kọ́ láti máa bá ènìyàn rìn lórí okùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti ẹ̀yìnkùlé wa ní ọ̀nà Mọ́níyà dé ibi tí koríko pọ̀ sí ní òdìkejì títì. Èmi fúnra mi ni mo ṣe okùn náà, okùn orí tí a ń wọ̀ sí orí ẹran dípò ọrùn, nítorí ọ̀rọ̀ okùn ló ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ohun tí mo ń lé ni pé kí Ràfíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15, lè mú wọn lọ kó sì mú wọn bọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń pariwo.

Ẹran méjèèjì

Àgbò náà, Yánkásà ni. Funfun ni gbogbo ara rẹ̀, àmọ́ dúdú yí ojú rẹ̀ méjèèjì ká, etí àti ẹnu rẹ̀ náà sì dúdú, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ilé fi ń pè é ní Onítìróò. Àgbò Yánkásà tó dàgbà tán máa ń wọn kílò 35 sí 50. Onítìróò kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá já gbà, yóò wọ́ àgbàlagbà nílẹ̀. Abo rẹ̀ jẹ́ irú àgùntàn kúkúrú tó ti wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín tipẹ́, èyí tó máa ń fara da àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ọwọ́ mi ni wọ́n bí i sí, kò mọ ìbẹ̀rù púpọ̀.

Ti Onítìróò yàtọ̀. Ọjà ẹran Akínyẹlé ni mo ti rà á, inú búùtù ọkọ̀ ló sì wà dé ilé. Okùn ọ̀rá tí wọ́n ta ní ojóbó ló wà lọ́rùn rẹ̀, irun ibẹ̀ ti pá, awọ ara ibẹ̀ sì ti pọ́n. Bí mo bá nawọ́ sí okùn lásán, ó ti ń fi ẹ̀yìn rìn.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí ojóbó ń ṣe. Bí a bá fà á, ó ń fún. Bí a bá dẹwọ́, okùn ọ̀rá kì í padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, nítorí ó ti há sára kókó. Bí ẹran bá tẹ̀ síwájú, ó há. Bó bá dúró, ó há. Bó bá dùbúlẹ̀, ó há. Ibi tó ń fún náà sì ni gògóńgò, níbi tí èémí ń gbà. Kò sí ohun kankan tí ẹran náà lè ṣe tí ara á fi tù ú, àfi kó jà títí ọwọ́ ẹni tó dì í mú á fi bọ́. Nígbà tí ọwọ́ bá sì bọ́, ó ti kẹ́kọ̀ọ́: ìjà ló ń gba òun.

Orí èyí ni mo gbé gbogbo iṣẹ́ náà kà. Ẹran kì í kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí a bá ń fà á. Ìgbà tí okùn bá dẹ̀ ló ń kẹ́kọ̀ọ́. Ohunkóhun tó bá ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá tí okùn dẹ̀ ló máa tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, okùn tí kò bá lè dẹ̀ kíákíá kò lè kọ́ ẹran ní nǹkan kan, bó ti wù kí ẹni tó dì í mú mọ̀ ọ́n ṣe tó.

Okùn náà

Ògùnpa ni mo ti ra okùn òwú mítà 6, èyí tó nípọn tó mìlímítà 10, tí wọ́n fi fọ́nrán mẹ́ta lọ́. Mítà 3 ni mo lò fún ẹran kọ̀ọ̀kan. Okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ orí ọkọ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ó fúyẹ́, ó sì gan. Bí a bá dẹwọ́, ńṣe ló máa dúró síbi tó wà. Ó tún máa ń bó àtẹ́lẹwọ́ bí àgbò bá sáré lójijì. Òwú wúwo jù ú lọ, ìwúwo yẹn gan-an sì la fẹ́, torí òun ló máa fa okùn wálẹ̀ kúrò lábẹ́ àgbọ̀n ẹran lójú ẹsẹ̀ tí ọwọ́ bá ti rọ̀.

Mo kọ́kọ́ fi òwú tó nípọn wé orí okùn méjèèjì pinpin kí fọ́nrán má baà tú. Lẹ́yìn náà ni mo mú téépù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ, mo fi wọn imú Onítìróò láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan gba orí imú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì: íǹṣì 8. Ti abo jẹ́ íǹṣì 6 àbọ̀.

Láti orí okùn kan, mo wọn íǹṣì 8 yẹn, mo fi íǹṣì 5 kún un fún híhun, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Apá kúkúrú ni ti inú àmì yìí, apá gígùn ni èyí tó kù. Níbi àmì náà, mo lọ́ okùn sí òdì bí wọ́n ṣe lọ́ ọ kí fọ́nrán rẹ̀ lè là, mo gbé fọ́nrán méjì sókè lára apá gígùn, mo ti apá kúkúrú gba abẹ́ wọn, mo sì fà á títí ó fi ku ojú kékeré kan tí àtàǹpàkò mi lè wọ̀ láìfún. Kí ojú náà má baà máa sún, mo la fọ́nrán apá kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gan-an, mo ki gbogbo apá gígùn gba inú rẹ̀, mo sì fà á le. Àwọn méjèèjì wá di ara wọn mú. Kò sí kókó kankan níbẹ̀ tó máa ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹran. Ojú kìíní nìyẹn.

Ojú kejì wà ní ìparí apá kúkúrú. Mo tú fọ́nrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ dé ìwọ̀n íǹṣì 5 tí mo fi kún un, mo ká a padà di ojú, mo wá ń ki fọ́nrán kọ̀ọ̀kan bọ abẹ́ fọ́nrán ara okùn, ọ̀kan á gun orí, yóò wọ abẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e, léraléra títí kò fi lè yọ mọ́. Iṣẹ́ yìí gba sùúrù, ó sì ń ro ìka, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn sí i ju gbogbo apá tó kù lọ. Nígbà tó parí, mo fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lórí pátákó títí ó fi dán.

Bí wọ́n ṣe so pọ̀ rèé. Láti ojú kìíní, apá gígùn gba ẹ̀yìn etí méjèèjì lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, ó wọ inú ojú kejì, ó gba abẹ́ àgbọ̀n padà wá, ó wọ inú ojú kìíní, èyí tó kù ni a ń dì mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni ojú kìíní gbọ́dọ̀ wà, nítorí ẹ̀gbẹ́ òsì ẹran ni mo ń rìn. Bí a bá fa okùn, apá tó wà lórí imú kì í fún. Abẹ́ àgbọ̀n nìkan ló ń fún, lẹ́yìn etí náà á sì fún díẹ̀. Bí a bá dẹwọ́, gbogbo rẹ̀ á là.

Kí n tó gbé e dé orí ẹran, mo kọ́kọ́ fi sí orúnkún ara mi, mo fà á, mo sì dẹ̀ ẹ́. Ó fún, ó sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti abo lọ́ra díẹ̀ nítorí ojú kìíní rẹ̀ kéré. Mo tú u, mo mú kó fẹ̀ sí i, mo sì tún un hun.

Òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún wọn

Àgùntàn ní ojú ní ẹ̀gbẹ́ orí, ẹyinjú rẹ̀ sì ní ihò tó gùn ní ìbú, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán láìyí orí. Ẹ̀yìn rẹ̀ gangan ni kò rí. Ẹni tó bá ń bọ̀ tààrà láti iwájú, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì níná síta, bí ẹni tó fẹ́ gbá a mú ló ṣe ń rí i. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀ wọlé, ọwọ́ mi á wà nísàlẹ̀, mo sì máa ń fi àgbàdo gbígbẹ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀ náà ni kó jẹ́. Àgbàdo tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á mú kí inú ṣàkì ẹran kan, ó sì lè pa á. Oúnjẹ tòótọ́ ni koríko àti èérí ògì, àgbàdo ẹyọ mélòó kan wà fún ìyìn nìkan.

Apá tó wà lórí imú gbọ́dọ̀ jókòó sórí egungun, ní nǹkan bí ìka méjì sí ìsàlẹ̀ ojú. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, yóò bọ́ sí ibi rírọ̀ tó wà lókè ihò imú, níbi tí kò sí egungun lábẹ́, yóò sì dí ihò imú pa. Imú ni àgùntàn fi ń mí ní pàtàkì, kì í ṣe ẹnu. Ẹni tó bá gbé okùn sí ibẹ̀ ti padà sí ọ̀rọ̀ ojóbó nìyẹn.

Abo kò janpata. Onítìróò gbọn orí títí, ó fi imú ra òpó, ó sì dúró. Mi ò fa okùn rárá ní òwúrọ̀ yẹn. Mo jẹ́ kó wà lórí rẹ̀ nígbà tó ń jẹun, èmi náà jókòó tì í, mo sì bọ́ ọ kúrò kí n tó wọlé. A kì í fi okùn orí sílẹ̀ lórí ẹran tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wọ inú rẹ̀.

Dídè mọ́ òpó

Òpó ọgbà tó dúró ṣinṣin ni mo dè é mọ́, ní ìwọ̀n gíga orí rẹ̀, okùn kò gùn ju apá kan lọ, mo sì ta á ní kókó tí a lè fà tú lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró síbẹ̀. Onítìróò fi ẹ̀yìn rìn, okùn fún un lábẹ́ àgbọ̀n, ó tẹra mọ́ ọn, òpó kò mì. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ wo ohun tó dì í mú, okùn sì já wálẹ̀. Mo rí bí etí rẹ̀ ṣe yí padà. Ó tún fi ẹ̀yìn rìn, ó tún padà síwájú. Nígbà kẹta kò tẹra mọ́ ọn mọ́. Bí okùn ṣe ń na báyìí ló ti tẹ̀ síwájú fúnra rẹ̀. Òpó kì í bínú, kì í sì í rẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ olùkọ́ tó dára fún apá yìí. Ọwọ́ ènìyàn a máa fà ju bó ti yẹ lọ, tàbí kó dẹ̀ ní àkókò tí kò yẹ.

Ẹran kejì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Àgùntàn tó bá dá wà á máa ké, àyà rẹ̀ á máa já, kò sì ní lè fọkàn sí nǹkan kan. Wọ́n mọ ara wọn ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ní ọdún 2001, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Keith Kendrick, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Babraham, nítòsí Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé àgùntàn lè dá ojú àgùntàn 50 mìíràn mọ̀, kó sì rántí wọn fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Nítorí náà mo so abo mọ́ ibi tí Onítìróò ti lè máa rí ojú rẹ̀. Ariwo dópin.

Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ méjì

Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé fún àwọn darandaran pé ara ẹran ní ibì kan, ní èjìká, tó ń pín iwájú sí ẹ̀yìn. Bí ènìyàn bá dúró sẹ́yìn èjìká, ẹran á lọ síwájú. Bó bá bọ́ síwájú èjìká, ẹran á dúró tàbí kó padà sẹ́yìn. Ẹ wo ohun tí a máa ń ṣe ní títì: a máa ń dúró níwájú àgbò, a kọjú sí i, a sì ń fà á. Ara wa ń sọ fún un pé kó padà, okùn ń sọ fún un pé kó máa bọ̀. Kí ni kó gbọ́?

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká òsì rẹ̀, èmi àtòun kọjú síbì kan náà. Mo na okùn díẹ̀ síwájú, mi ò fà á, mo kàn jẹ́ kó mọ̀ pé okùn wà. Bó bá ṣí ẹsẹ̀ kan, kódà kó jẹ́ pé ara rẹ̀ lásán ló tẹ̀ síwájú, okùn á dẹ̀ kíákíá, ẹyọ àgbàdo kan á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ méjì. Bó bá dúró, èmi náà á dúró, okùn á wà bó ṣe wà, mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní dín in kù, títí yóò fi tún gbéra. Bó bá dùbúlẹ̀, tó sì máa ń dùbúlẹ̀, mi ò wọ́ ọ. Mo máa ń bọ́ sẹ́yìn èjìká, màá fi ọwọ́ kan ìbàdí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, yóò dìde.

Ohun méjì ni mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé ṣe. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ ti iwájú orí àgbò, àní nínú eré. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ìwo fà á. Ìwo àgbò tó ṣì ń dàgbà ní ẹ̀jẹ̀ nínú, ìdí rẹ̀ lè ya, eṣinṣin á sì bà sójú egbò. Àwọn àgbà ní àgbò tó fi ẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú iṣẹ́ yìí: bí Onítìróò bá tẹ orí ba tó sì ń fi ẹ̀yìn rìn láìsí pé okùn na, mo máa ń yí i po sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí àgbò tí orí rẹ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kò lè kan ènìyàn.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni mo ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí oòrùn bá ti mú, tí ìhà rẹ̀ ń lọ sókè sódò kíákíá, a ti parí fún ọjọ́ náà.

Pátákó orí gọ́tà

Ibi tí iṣẹ́ ti dúró pẹ́ jù ni iwájú ilé gan-an. Gọ́tà kan wà níbẹ̀, pátákó méjì ni wọ́n fi bò ó, àlàfo sì wà láàárín wọn tí omi ń dán nísàlẹ̀. Onítìróò dé ibẹ̀, ó gbé imú sílẹ̀, ó fín pátákó náà, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún sókè, ó sì tún gbé e padà. Òjìji àti ohun tó ń dán nílẹ̀ máa ń dá àgùntàn dúró. Ó ní láti tẹ orí ba kó tó lè mọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Mo jẹ́ kó tẹ orí ba. Mo fi okùn sílẹ̀ ní dídẹ̀ kó lè wò ó tẹ́rùn.

Bàbá kan tó ti ṣe alápatà títí ó fi dàgbà jókòó sí ìta ilé kejì, ó ń wò wá.

"Àlìmọ́tù, ẹran tí wọ́n máa pa, kí lo ń kọ́ ọ ní ìrìn sí?"

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ṣé kó máa jìyà kó tó di ọjọ́ náà ni, sà?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Òótọ́ lo sọ. Èyí tó bá jà títí kó tó dé abẹ́ ọ̀bẹ, ẹran rẹ̀ máa ń dúdú, ó sì máa ń le. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n nídìí iṣẹ́."

Wọ́n sọ òtítọ́, ìdí rẹ̀ sì wà: ẹran tó bá ti jà títí ti lo gbogbo ṣúgà tó wà nínú iṣan rẹ̀ tán, kò sì sí ohun tí yóò mú kí ẹran náà rọ̀ kó sì pọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á. Àmọ́ ti èmi ṣáájú ti ìkòkò ọbẹ̀. Ojiṣẹ́ Ọlọ́run kọ́ wa pé ká pọ́n ọ̀bẹ, ká sì fún ẹran tí a fẹ́ pa ní ìrọ̀rùn. Mi ò rò pé ìrọ̀rùn yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ọ̀bẹ yọ.

Mo ní kí Ràfíù mú abo ṣáájú. Abo gun pátákó náà, pátákò rẹ̀ dún kò-kò-kò, ó dé òdìkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa koríko. Onítìróò gbé orí, ó wò ó, ó sì kọjá. Bàbá ní, "Hẹn-ẹn."

Títì

Mo ti jẹ́ kí ariwo ọ̀kadà mọ́ wọn lára kí a tó lọ. A máa ń dúró jìnnà sí títì, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀kadà ṣùgbọ́n tí ẹnu wọn kò kúrò lára koríko, a sì ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹran bá gbé orí tí kò sì lè jẹun mọ́, a ti sún mọ́ ọn jù, a máa padà sẹ́yìn. Jíjẹun yẹn ni òṣùwọ̀n mi. Ẹran tí ẹ̀rù ń bà kì í jẹun.

Ọwọ́ Ràfíù ni mo wá ń ṣọ́ ju ti ẹran lọ. Ó fẹ́ràn láti wé okùn mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó ká a pọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ni, kó má wé e mọ́ ọwọ́ láé, torí bí àgbò bá sáré, okùn tí a wé yóò wọ́ ọmọ lọ sójú títì, èyí tí a ká yóò kàn tú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, bó bá wá sá lọ ńkọ́?"

"Jẹ́ kó lọ. Ọ̀dọ̀ abo ló máa sá lọ."

Wọ́n ti ń kọjá títì báyìí, abo níwájú, Onítìróò lẹ́yìn, okùn méjèèjì tẹ̀ wálẹ̀ láàárín ọwọ́ àti àgbọ̀n. Ràfíù ló ń mú un, èmi ń rìn lẹ́yìn. Irun ti hù padà sí ọrùn Onítìróò níbi tó ti pá. Ohun tí kò tíì yanjú ni ajá aládùúgbò kan tí wọn kì í so. Bó bá yọ, Onítìróò á yí padà kọjú sí i, kò sì ní gbéra mọ́ títí ajá á fi lọ. Mo ti bẹ ẹni tó ni ajá náà pé kó máa so ó ní òwúrọ̀, ó sì gbà.

Abo ti lóyún. Mo ti ya mítà 2 okùn òwú tó tín-ín-rín, mìlímítà 6, sọ́tọ̀ fún ọmọ tó ń bọ̀. Orí rẹ̀ ni màá ti wọn ìbú imú nígbà tí wọ́n bá já a lẹ́nu ọmú, ojóbó kò sì ní kan ọrùn rẹ̀.